Ẹ má torí nọ́ńbà ara ike ná owó ilé yín

Ọ̀rọ̀ gígùn ni o. Ẹni tí dátà rẹ̀ ò bá tó, kó yáa lọ ra dátà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo ti ń rí i lórí TL wa: fọ́tò káàdì eléré ìdárayá nínú ike tó mọ́ gaara, nọ́ńbà 9 tàbí 10 gàdàgbà lókè rẹ̀, ẹni tó gbé e síta á wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé dúkìá nìyí, ó sàn ju ilẹ̀ lọ. Ẹnìkan tiẹ̀ ní kí àwọn ọ̀dọ́ kó owó àjọ wọn jọ, kí wọ́n dawọ́ ra káàdì kan ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n máa retí èrè. Èèyàn mẹ́ta ti wá bá mi nínú DM torí wọ́n mọ̀ pé mo fẹ́ràn nǹkan wọ̀nyí. Ọ̀kan nínú wọn, owó ilé tó yẹ kó san lóṣù tó ń bọ̀ ló fẹ́ fi sí i. Torí tiẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí, àmọ́ kí gbogbo yín kà á.

Ibi tí mo dúró sí rèé, kí n má baà fi yín ṣeré. Káàdì àtijọ́ dùn ún kó jọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò wúlò. Ṣùgbọ́n máàkì tí wọ́n ń kọ sára ike yẹn, ojú ọmọ èèyàn ló fún un, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni torí ẹ̀ di ẹni tí ń sùn sí pálọ̀ ọ̀rẹ́.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rárá: páálí pẹlẹbẹ kékeré ni káàdì yìí, fọ́tò eléré wà níwájú rẹ̀, àkọsílẹ̀ eré tó ti ṣe wà lẹ́yìn. Ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, inú páálí sìgá ni wọ́n ń kì í bọ̀. Nígbà tó yá, ó di inú ṣíngọ́ọ̀mù. Ọmọdé á ra ṣíngọ́ọ̀mù, á jẹ ẹ́, á fi rọ́bà di káàdì rẹ̀ pọ̀, á tì í bọ àpò ṣòkòtò. Àwọn mìíràn á fi há sípóòkù kẹ̀kẹ́ kó lè máa pariwo bíi ti ọ̀kadà. Ta ló mọ̀ pé owó ni?

Ìgbà tó di owó ni jìbìtì dé. Ìgbà tí jìbìtì dé ni àwọn kan ní àwọn á máa ṣe adájọ́. 1991 ni PSA bẹ̀rẹ̀ ní California. O máa fi káàdì rẹ ránṣẹ́ sí wọn, o máa sanwó, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà á wá wo igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, etí rẹ̀, ojú rẹ̀, á wò ó bóyá àwòrán dúró láàárín tàbí ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà á fún un ní máàkì láti 1 dé 10, wọ́n á sì dí i mọ́ inú ike tí èèyàn ò lè ṣí láìfọ́ ọ. Ike yẹn ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní slab. Ilé-iṣẹ́ mìíràn náà wà: SGC, Beckett, CGC. Láti 2024 ni SGC sì ti di ọmọ bàbá kan náà pẹ̀lú PSA, torí ẹni tó ni PSA ló rà á. (Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí ẹnìkan bá sọ fún yín pé adájọ́ méjì ló yẹ nǹkan wò.)

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó sún mọ́ wa jù.

Lọ́dún 1986, ilé-iṣẹ́ Fleer tẹ káàdì básíkẹ́tì 132. Méjìlá ló wà nínú páálí kan, pẹ̀lú sítíkà kan àti ṣíngọ́ọ̀mù. Nọ́ńbà 57 ni Michael Jordan. Ẹ ṣí i lọ síwájú díẹ̀ dé nọ́ńbà 82, ẹ ó rí ọmọ Èkó kan nínú aṣọ Houston Rockets. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i: Akeem Olajuwon. Kò sí H níbẹ̀. Ọdún 1991 ló tó ní kí wọ́n máa kọ ọ́ sí Hakeem bó ṣe yẹ. Nítorí náà gbogbo káàdì rẹ̀ tó ti pẹ́, àwọn tó níyì jù, orúkọ tí àwọn òyìnbó kọ bó ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn ló wà lára wọn. Mo lè wo ẹyọ lẹ́tà tí kò sí níbẹ̀ yẹn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó ń fún ìyẹn ní máàkì.

Ẹ tún wo èyí. Lọ́dún 1984 tí àwọn kíláàbù Amẹ́ríkà ń yan àwọn ọ̀dọ́ eléré, Hakeem ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Jordan ló ṣe ìkẹta. Ní sáà 1993 sí 1994, Hakeem gba àmì ẹ̀yẹ eléré tó dára jù, ó gba ti ẹni tó mọ ẹ̀yìn dè jù, ó tún gba ti ẹni tó tayọ nínú àṣekágbá. Kò tíì sí ẹlòmíì tó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú sáà kan ṣoṣo. Àmọ́ ẹ gbé káàdì àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ́jà, kí ẹ wá wò ó. Inú páálí kan náà ni wọ́n ti jáde, ṣíngọ́ọ̀mù kan náà ló fara kan wọ́n. Ní ìparí January 2021, Jordan tó gba 10 lọ́wọ́ PSA lọ ní $738,000 ní gbàǹjo. Akeem ò dé ẹsẹ̀ òkè ibẹ̀.

Mi ò bínú. Jordan ni Jordan. Ohun tí mo ń fẹ́ kí ẹ rí ni pé bí káàdì ṣe ṣọ̀wọ́n tó nìkan kọ́ ni wọ́n ń sanwó fún, bí eléré náà ṣe dára tó nìkan sì kọ́. Ìtàn tí àwọn olówó Amẹ́ríkà ń sọ fún ara wọn nípa ìgbà èwe wọn ni wọ́n ń rà. Tí ìwọ tó wà ní Mòkólá bá ń fi owó àjọ rẹ sí i, ìgbà èwe ẹlòmíì lò ń ta tẹ́tẹ́ lé lórí. Ṣé o mọ ìgbà tí ọkàn wọn á kúrò níbẹ̀?

Kí n ṣe òdodo sí àwọn adájọ́ yìí kí n tó bú wọn. Ayédèrú káàdì Jordan ti 1986 yẹn pọ̀ bí iyanrìn. Wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ tipẹ́, àwọn mìíràn dára débi pé o máa gbé e sún mọ́ iná kí o tó mọ̀. Ẹni tó bá ra èyí tí kò sí nínú ike lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, ojú ọ̀nà jìbìtì ló dúró sí. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní òun ò ní ra Jordan 1986 láìsí ike PSA tàbí SGC, mo fara mọ́ ọn. Owó tó yẹ ká san fún wọn nìyẹn: kí wọ́n sọ fún wa pé ojúlówó ni, pé ẹnikẹ́ni ò sì gé e.

Gígé. Ẹ jẹ́ ká dé bẹ̀.

Káàdì tó ti pẹ́, igun rẹ̀ máa ń rọ̀, etí rẹ̀ á hó. Tí ẹnìkan bá fi abẹ fá etí yẹn díẹ̀, bí irun orí báyìí, igun á tún mú ṣáṣá, káàdì á dà bíi pé àná ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Nínú òfin àwọn akójọ-káàdì, ìyẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ tó burú jù. Ilé-iṣẹ́ tó ń fúnni ní máàkì gbọ́dọ̀ mú un.

Ó dáa. Ẹ mọ káàdì àkọ́kọ́ tí PSA fún ní máàkì? Honus Wagner ni, agbábọ́ọ̀lù beesibọ́ọ̀lù láyé àwọn bàbá ńlá. Inú páálí sìgá ló ti jáde láàárín 1909 sí 1911, kò sì pọ̀ rárá. Ẹnìkan tí ń jẹ́ Bill Mastro ra ọ̀kan ní $25,000 lọ́dún 1985, ó tà á ní $110,000 lọ́dún 1987. Nígbà tó fi máa di 1991, Wayne Gretzky, ògbóǹtarìgì eléré họ́kì orí yìnyín, àti ọ̀gá rẹ̀ Bruce McNall rà á ní $451,000. PSA gbé e sínú ike, wọ́n fún un ní 8, wọ́n fún un ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lọ́dọ̀ wọn. Orúkọ káàdì yẹn ni ilé-iṣẹ́ náà fi dé ọjà. Lẹ́yìn náà ilé ìtajà Walmart fi ta tẹ́tẹ́ oríire fún àwọn oníbàárà, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ kan ní Florida jẹ ẹ́, kò rówó orí rẹ̀ san, ó ní láti tà á. Mo fẹ́ràn apá yẹn nínú ìtàn náà ju gbogbo rẹ̀ lọ: o jẹ káàdì tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù dọ́là, ìjọba ní kó o mú owó orí wá. Lọ́dún 2007, Ken Kendrick tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ni kíláàbù Arizona Diamondbacks rà á ní $2.8 mílíọ̀nù.

Ọdún 2013 ni Mastro fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ níwájú ilé ẹjọ́ pé òun gé etí káàdì náà. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù 20 lọ́dún 2015 fún jìbìtì tó ń ṣe nínú gbàǹjo rẹ̀.

Ẹ gbọ́ o. Káàdì nọ́ńbà kìíní. Èyí tí wọ́n fi ṣí ṣọ́ọ̀bù. 8 ni wọ́n fún un, abẹ sì ti kàn án. Tí ẹnìkan bá wá sọ fún mi báyìí pé ìyàtọ̀ àárín 9 àti 10 jẹ́ ohun tó dájú bí ìwọ̀n ìrẹsì, ẹ̀rín ni mo máa fi dá a lóhùn.

Ẹlòmíì á ní ọdún 1991 nìyẹn, pé ojú ti là. Ojú là lóòótọ́. Àmọ́ ní 2019, àwọn akójọ-káàdì fúnra wọn ló jókòó sídìí ẹ̀rọ, wọ́n ń fi fọ́tò gbàǹjo àtijọ́ wé fọ́tò tuntun. Wọ́n ń rí i pé káàdì kan náà tó gba máàkì kékeré tẹ́lẹ̀ ti jáde kúrò nínú ike rẹ̀, wọ́n ti gé e, ó sì ti padà wọ ike mìíràn pẹ̀lú máàkì tó ga. Èèyàn lásán tó ní sùúrù ló rí ohun tí ẹni tó ń gbowó ò rí.

Kò tiẹ̀ dìgbà tí jìbìtì bá wọ̀ ọ́. Nínú àwọn tó ń ṣe káàdì yìí, àṣà kan wà tí kò sí ẹni tó ń fi pamọ́: wọ́n á fọ́ ike, wọ́n á yọ káàdì tó gba 8, wọ́n á tún fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan náà, bóyá ó lè gba 9 lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà mìíràn ó ń gbà á. Wọn ò fọwọ́ kan káàdì náà o. Ẹni tó wò ó lọ́jọ́ kejì ni kò wò ó bíi ti tẹni àkọ́kọ́. Ẹni tó bá gbé góòlù lọ bá alágbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ á gbé e sórí ìwọ̀n, ìwọ̀n á sọ̀rọ̀. Káàdì ò ní ìwọ̀n. Ojú ni, iná orí tábìlì ni, bóyá ebi ń pa ẹni tó ń wò ó náà wà níbẹ̀.

Lórí ìyẹn ni owó wá ń fò. Láàárín 9 àti 10 ti káàdì kan náà, iye rẹ̀ lè di ìlọ́po mẹ́wàá, kí ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn má sì ju àmì tí èèyàn ò lè rí láìfi awò wò ó. Èmi ò lè san owó ìlọ́po mẹ́wàá fún nǹkan tí mi ò lè fojú mi rí. Tìẹ ńkọ́?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ padà sórí Wagner. Ní August 2021, ọ̀kan tó gba 3 lọ́wọ́ SGC lọ ní nǹkan bíi $6.6 mílíọ̀nù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òmíràn tó gba 2, èyí tí máàkì rẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́, lọ ní $7.25 mílíọ̀nù. Níbi tí káàdì bá ti ṣọ̀wọ́n gan-an, nọ́ńbà á lọ jókòó sẹ́yìn. Káàdì tó pọ̀ ni nọ́ńbà máa ń jọba lé lórí.

Kí ló sì ń mú kó ṣọ̀wọ́n? Kí wọ́n má kà á sí ni. Ìtàn Mickey Mantle ti 1952 ni kí ẹ gbọ́. Ilé-iṣẹ́ Topps tẹ káàdì beesibọ́ọ̀lù púpọ̀ lọ́dún yẹn, èyí tó jáde gbẹ̀yìn ò tà. Ó wà nínú ilé ìkẹ́rù wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń gbàyè. Sy Berger, ẹni tó ṣe káàdì náà fúnra rẹ̀, sọ pé nǹkan bíi 1960 òun kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, òun sì dà wọ́n sínú òkun Àtìláńtíìkì. Mantle wà nínú wọn. Lára àwọn tó ṣẹ́kù, ọkùnrin kan ra ọ̀kan ní $50,000 lọ́dún 1991. Ó gba 9.5 lọ́wọ́ SGC, ó sì lọ ní $12.6 mílíọ̀nù ní August 2022. Títí di ọjọ́ yẹn, kò tíì sí káàdì eléré tí wọ́n tà tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó gbọ́ irú ìtàn yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó tiwọn pamọ́. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 wọnú àwọn ọdún 1990, gbogbo èèyàn ń ra káàdì, wọn ò sì fi há kẹ̀kẹ́ mọ́, inú ọ̀rá ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀kú. Lónìí, páálí páálí rẹ̀ kún inú gáréèjì àwọn ará Amẹ́ríkà, kò ju owó gúgúrú lọ. Wọ́n ń pè é ní junk wax, ìdọ̀tí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá fi káàdì ọdún 2023 hàn yín nínú ike pẹ̀lú 10 lórí rẹ̀, ẹ bi í léèrè: ta ló ń sọ èyí nù? Tí kò bá sẹ́ni tó ń sọ ọ́ nù, níbo ni ọ̀wọ́n rẹ̀ á ti wá?

Ọ̀rọ̀ owó ilé wàyí.

Jordan tó lọ ní $738,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021 yẹn: kó tó di pé ọdún náà parí, irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, PSA 10 kan náà, ti ń lọ ní iye tí kò tó ìdajì. Ó lé ní 300 irú rẹ̀ tí PSA ti fún ní 10, ṣé ẹ mọ̀? Nígbà kòró ni, gbogbo èèyàn wà nílé, owó wà lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀, wọ́n ń rà. PSA rí káàdì débi pé ní ìparí March 2021 wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n ní kí àwọn kọ́kọ́ parí èyí tó wà nílẹ̀. Ní May, Target dáwọ́ títà káàdì dúró nínú ṣọ́ọ̀bù wọn lẹ́yìn tí ìjà ṣẹlẹ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí ọ̀kan nínú wọn ní Wisconsin. Lẹ́yìn náà ariwo rọlẹ̀. Ẹni tó rà á nígbà ariwo ló mọ̀ ọ́n lára.

Olówó Amẹ́ríkà tó pàdánù ìdajì, ó bínú, ó lọ jẹun. Ìwọ ńkọ́? Dọ́là lo fi rà á, o san owó ẹrù, o san ti aṣọ́bodè, ọdún kan kọjá, lánlọ́ọ̀dù kanlẹ̀kùn. Lánlọ́ọ̀dù kì í gba PSA 10. O máa ní láti wá ẹni tó máa rà á, ẹni náà sì wà lókè òkun, gbàǹjo á yọ owó tiwọn, owó á tún máa wá ọ̀nà tó máa gbà wọlé. Ilẹ̀ tí wọ́n ní ó sàn jù yẹn, ó kéré tán, aládùúgbò rẹ lè rà á.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Houston tó ń kó káàdì. Ó ní mo kàn ń sọ èyí torí mi ò lówó. Kò purọ́, mi ò lówó. Àmọ́ òun náà, káàdì Akeem 1986 tó wà lórí tábìlì rẹ̀, 5 ni PSA fún un. Etí káàdì Fleer yẹn pupa, ó tún ní búlúù, kékeré ló máa hó tí funfun á ti yọjú. Tirẹ̀ ti hó ní igun méjì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò ra 9, ó rówó rẹ̀ o. Ó ní ẹni tó kọ́kọ́ ni eléyìí, ó mú un lọ́wọ́ ṣeré ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí sí ibẹ̀ máa ń bi í pé ta nìyí, òun á sì sọ pé ará ilé wa ni, ó ti Èkó wá, wọ́n ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà.

Irú ẹ̀ ni mo lè rà. 4, 5, tó bá jẹ́ ojúlówó, tí wọn ò gé e, tí ojú eléré náà ṣì mọ́. Pẹ̀lú owó tó jẹ́ pé bí ilé bá jó mọ́ ọn, màá bínú, màá sì jẹun alẹ́.

Ohun kan tó kù tó ń dùn mí. A ń sáré tẹ̀lé páálí àwọn ará Amẹ́ríkà, kí la ti ṣe pẹ̀lú tiwa? IICC Shooting Stars gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà wálé sí Ìbàdàn lọ́dún 1976. Kàlẹ́ńdà tí fọ́tò àwọn agbábọ́ọ̀lù wà lára rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì Liberty Stadium, ìwé ìròyìn Complete Football tí àwọn bàbá wa ń kà: níbo ni wọ́n wà? Púpọ̀ nínú wọn, ẹni tó ń ta àkàrà ló fi wọ́n pọ́n àkàrà. Epo ti mu Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí. PSA gan-an máa ń gbé tíkẹ́ẹ̀tì àti fọ́tò sínú ike, wọn ò sọ pé káàdì nìkan ni. Ohun tí wọ́n ń fi mílíọ̀nù rà lọ́hùn-ún, ohun tí ẹnìkan gbàgbé sínú àpótí nígbà tí gbogbo ayé ń sọ tiwọn nù ni. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà yín báyìí.

Mi ò sọ pé ó máa di mílíọ̀nù o, ẹ má lọ gbé ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Mo ní kí ẹ lọ wò ó kí wọ́n tó gbá ilé.

Ìwọ tó fẹ́ fi owó ilé rà á, mo ti dá ẹ lóhùn nínú DM, jọ̀ọ́ lọ kà á. Ẹni tó bá sì ní ohunkóhun ti Shooting láti 1976, kódà kó ti ya, kódà kí epo ti kàn án, DM mi ṣí sílẹ̀. Ẹ má fi ìsó ẹ̀yìn rẹ̀ yọ ọ́ lára ògiri, ẹ rọra tú u.